Ohun Èlò Ọjọ́ Ọ̀la Nínú Àwòrán Ẹ̀fẹ̀

"Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni babaláwo fi ń dífá ọrọọrún." Òwe yìí fi yé ni pé àwọn baba ńlá wa kò gbà pé ọ̀la jẹ́ ohun tí a lè fi ojú lásán rí, àti pé ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ nípa rẹ̀ kò gbọdọ̀ dẹ́kun ìbéèrè. Kò sí ìran ènìyàn kan lábẹ́ ọ̀run tí kò ní ọ̀nà tirẹ̀ láti wádìí ọjọ́ iwájú. Àwọn kan a máa wo ìràwọ̀, àwọn kan a máa gbọ́ ti wòlíì, àwọn mìíràn a sì máa gbára lé ìṣirò àti ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ṣùgbọ́n láti nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn ni ọ̀nà mìíràn ti ṣí sílẹ̀ ní ilẹ̀ Yúróòpù, tí àwọn òpìtàn kò fi bẹ́ẹ̀ kà sí. Ọ̀nà náà ni ẹ̀fẹ̀. Àwọn ayàwòrán a jókòó, wọn a ro ohun èlò tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣe rí, ìbáà ṣe ti ilé ìdáná, ti iyàrá, ti ojú pópó tàbí ti ilé ẹ̀kọ́, wọn a sì yà á kí àwọn ènìyàn lè fi rẹ́rìn-ín.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó bá rí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ lóde òní kì í béèrè ju ohun kan lọ: ǹjẹ́ ohun tí a yà yìí ṣẹ tàbí kò ṣẹ? Bí ó bá ṣẹ, wọn a ní ayàwòrán náà gbọ́n. Bí kò bá ṣẹ, wọn a fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ìbéèrè yìí kò burú, ṣùgbọ́n kò tó. Bí a bá to àwọn àwòrán náà lẹ́sẹẹsẹ gẹ́gẹ́ bí ọdún wọn ti tẹ̀ léra, a ó rí i pé ohun méjì ni wọ́n ń sọ fún ìtàn. Èkíní ni pé níbi tí ọ̀ràn bá ti kan ìwà ọmọ ènìyàn, ojú ẹ̀fẹ̀ a máa ríran jìnnà. Èkejì sì ni pé níbi tí ọ̀ràn bá ti kan ipò, èyíinì ni ẹni tí yóò ṣe iṣẹ́ àti ẹni tí yóò jókòó jẹ èrè iṣẹ́, ojú kan náà a máa ṣú. Èyí ni ó sọ àwọn àwòrán wọ̀nyí di ohun tí ó yẹ kí a fi ara balẹ̀ yẹ̀ wò.

Ìrìn Ọgbọ́n

Ní ọdún 1825 ni a ṣí ojú irin tí ó lọ láti Stockton dé Darlington ní ìhà àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ẹ̀rọ tí ń lo agbára ooru omi gbígbóná sì bẹ̀rẹ̀ sí fa ẹrù lórí rẹ̀. Ìròyìn náà mú kí orí àwọn ènìyàn wú. Bí ooru omi bá lè fa ọkọ̀, kí ni kò lè ṣe? Ní London, ayàwòrán kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ William Heath, tí ó tilẹ̀ lo orúkọ mìíràn, Paul Pry, fún ìgbà kan. Láàárín 1825 sí 1829 ni ó ya ọ̀wọ́ àwòrán kan tí ó pè ní March of Intellect, èyí tí a lè pè ní Ìrìn Ọgbọ́n. Nínú èyí tí ó yà ní 1829, ẹṣin irin tí ooru omi ń tì ń sáré lójú pópó. Ilé iṣẹ́ kan la páìpù ńlá tí afẹ́fẹ́ yóò fi ti èrò gba inú rẹ̀ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì títí dé Bengal ní ilẹ̀ Íńdíà. Ohun abìyẹ́ ràgàjì kan tí ó dà bí àdán sì ń fò lójú ọ̀run, ó ń kó àwọn arúfin lọ sí ìgbèkùn ní Ọsirélíà. Robert Seymour, tí òun náà jẹ́ ayàwòrán ní ìgbà kan náà, ya ẹ̀rọ tí ń fi ooru omi fá irùngbọ̀n, bí ẹni pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ onígbàjámọ̀ pátápátá.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé irọ́ lásán ni Heath ń pa. Ní 1824, John Vallance ti gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lórí ọ̀nà tí a ó fi máa lo agbára afẹ́fẹ́ láti ti èrò gba inú páìpù, kò sì fi ṣeré rárá. Ohun tí Heath ṣe kò ju pé ó gba páìpù Vallance, ó sì nà án dé Bengal. Bí ẹ̀fẹ̀ ti rí nìyẹn: kì í pilẹ̀ ohun tí kò sí, òótọ́ ni ó máa ń nà títí yóò fi di ẹ̀rín.

Ṣùgbọ́n kí ni ó mú kí a pe ọ̀wọ́ àwòrán ẹ̀rọ ní Ìrìn Ọgbọ́n? Ìdí rẹ̀ nìyí. Ní 1823 ni George Birkbeck àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ilé ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ ní London fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, kí wọ́n lè máa kọ́ ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́. Ní 1826 ẹgbẹ́ kan tún dìde, tí Henry Brougham ṣe agbátẹrù rẹ̀, láti máa tẹ ìwé ìmọ̀ tí owó rẹ̀ kò ní ga ju agbára mẹ̀kúnnù lọ. Inú ọ̀pọ̀ àwọn ọlọ́rọ̀ kò dùn sí i. Wọ́n ní bí òṣìṣẹ́ bá ti mọ ìwé, yóò kọ iṣẹ́ sílẹ̀. Nítorí náà, nínú àwọn àwòrán ẹ̀fẹ̀ ìgbà náà, ohun ìfiṣẹ̀rín kan náà ni ẹṣin irin àti akódọ̀tí tí ó jókòó tí ń kàwé. Lójú ẹni tí ó ń ra irú àwòrán bẹ́ẹ̀, àwọn méjèèjì ni kò ṣeé ṣe.

Ìtàn ti dá ẹjọ́ náà. Ní 1870 ni a ṣe òfin ẹ̀kọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales, tí a sì bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ilé ìwé fún ọmọ mẹ̀kúnnù káàkiri. Oṣù Kejìlá ọdún 1903 ni ọkọ̀ òfuurufú àwọn ọmọ Wright ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra nílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Èyí ni pé akódọ̀tí ti ń kàwé kí ènìyàn tó fi ẹ̀rọ fò. Ẹ sì jẹ́ kí a kíyè sí arúfin inú àwòrán Heath. Nínú ayé tí a ti ń fò bí ẹyẹ, ìgbèkùn náà ni a ṣì ń gbé e lọ. Ọkọ̀ yí padà. Ipò rẹ̀ kò yí padà.

Ògiri Tí Ń Sọ̀rọ̀

Ní 1876 ni Alexander Graham Bell gba ìwé àṣẹ fún tẹlifóònù. Ní 1877, Thomas Edison ará Amẹ́ríkà ṣe ẹ̀rọ tí ń gba ohùn sílẹ̀ tí ó sì ń sọ ọ́ jáde. Ohùn, tí kì í kọjá ibi tí ẹni tí ó ni ín bá dúró sí, tí kì í sì í pẹ́ ju èémí rẹ̀ lọ, wá di ohun tí a lè rán ní iṣẹ́, tí a sì lè fi pamọ́. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí gbàgbọ́ pé kò sí ohun tí Edison kò lè ṣe. George du Maurier, ayàwòrán fún Punch, ìwé ìròyìn ẹ̀fẹ̀ ti London tí kò bá ìwé ìròyìn Punch ti Nàìjíríà tan, fi ìgbàgbọ́ yìí ṣe ẹ̀fẹ̀. Ní Oṣù Kejìlá ọdún 1878, nínú àkànṣe ìwé ìròyìn náà fún ọdún 1879, ó ya ẹ̀rọ tí ó pè ní telephonoscope ti Edison, bẹ́ẹ̀ ni Edison kò ṣe irú rẹ̀ rí. Nínú ìwé kan náà ni ó ti ya ẹ̀wù àwọ̀tẹ́lẹ̀ tí ẹni tí ó bá wọ̀ ọ́ kò ní wúwo mọ́, tí yóò sì máa léfòó nínú afẹ́fẹ́ bí ìyẹ́ adìyẹ.

Nínú àwòrán telephonoscope náà, bàbá kan àti ìyá kan jókòó nínú ilé wọn ní London kí wọ́n tó lọ sùn. Lókè ibi tí wọ́n ti ń yáná ni ojú ẹ̀rọ fífẹ̀ kan wà, nínú rẹ̀ ni wọ́n sì ti ń wo àwọn ọmọ wọn tí ń gbá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́yin ní Ceylon, erékùṣù tí a ń pè ní Sri Lanka lónìí. Bàbá fi ẹnu sí páìpù, ó rọra ń bi ọmọbìnrin rẹ̀ léèrè ẹni tí arẹwà ọmọge tí ń bá wọn gbá bọ́ọ̀lù í ṣe. Ọmọ náà sì dáhùn pé bí eré bá ti parí, òun yóò mú un wá kí bàbá òun. Ẹ̀rín wà níbẹ̀ lóòótọ́, nítorí ìyàwó bàbá jókòó tì í. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn wà lábẹ́ ẹ̀rín náà. Ní àkókò tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fọ́n ọmọ àwọn ènìyàn rẹ̀ káàkiri ayé, ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ni lẹ́tà fi ń wà lórí òkun kí ó tó dé ọwọ́ òbí. Ọ̀ràn tí ó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín ni à á fi í rín. Du Maurier kò mọ ohunkóhun nípa bí a ṣe lè ṣe ẹ̀rọ náà, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé bí a bá ṣe é, òbí ni yóò kọ́kọ́ jókòó sí iwájú rẹ̀.

Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n dé nítòótọ́, tí ti ilẹ̀ Yorùbá sì bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 Oṣù Kẹwàá ọdún 1959, ìran wíwò nìkan ni ó mú wá. Ẹni tí ń wò kò lè bá ẹni inú rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó di ọ̀rúndún yìí kí ìyá tí ó wà ní Ìbàdàn tó lè máa rí ojú ọmọ rẹ̀ tí ó wà ní London tàbí ní Houston, kí ó sì máa bi í léèrè ẹni tí ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Irú ìyá bẹ́ẹ̀ kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé àwòrán 1878 fún un.

Ní ilẹ̀ Faransé, Albert Robida, tí a bí ní Compiègne ní 1848, mú ọ̀rọ̀ náà lọ jìnnà ju báyìí lọ. Ní 1883 ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀, Le Vingtième Siècle, èyíinì ni Ọ̀rúndún Ogún, wà lọ́wọ́ àwọn òǹkàwé. Òun ni ó kọ ọ́, òun náà ni ó ya àwòrán inú rẹ̀. Ọdún 1952 ni ìtàn náà bẹ̀rẹ̀. Ní Paris ti Robida, ọkọ̀ afẹ́fẹ́ ni àwọn ènìyàn ń wọ̀ lọ sóde. Wọ́n ń wo eré orí ìtàgé láti inú ilé wọn. Kò sì sí ìdí láti dáná mọ́, nítorí ilé iṣẹ́ ńlá kan ni ó ń se oúnjẹ ìlú, tí ó ń fi páìpù rán an sí ojúlé kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí a ti ń rán omi ẹ̀rọ. Ohun mìíràn tí Robida tún fẹ́ kí àwọn òǹkàwé rẹ̀ rẹ́rìn-ín sí ni obìnrin. Ọmọbìnrin kan wà nínú ìtàn náà, Hélène Colobry, tí alágbàtọ́ rẹ̀, Ponto, olówó oníbáńkì, pàṣẹ fún pé kí ó wá iṣẹ́ tí yóò máa ṣe. Ó gbìyànjú iṣẹ́ agbẹjọ́rò, ó gbìyànjú iṣẹ́ òṣèlú, ó gbìyànjú iṣẹ́ ìwé ìròyìn.

Ní ìgbà tí Robida ń kọ èyí, kò sí obìnrin kan tí ó lè dúró gba ẹjọ́ rò ní ilé ẹjọ́ Faransé. Ọjọ́ 1 Oṣù Kejìlá ọdún 1900 ni òfin gbà wọ́n láyè. Robida fúnra rẹ̀ ṣì wà láàyè, nítorí 1926 ni ó kú. Ní 1944 ni obìnrin Faransé gba ẹ̀tọ́ ìdìbò. Ọkọ̀ afẹ́fẹ́ tí ń gbé èrò láti òrùlé kan sí òmíràn kò tíì di ohun tí gbogbo ayé ń wọ̀. Páìpù ọbẹ̀ kò dé rárá. Nínú gbogbo ohun ìyanu tí ó fi pa òǹkàwé rẹ̀ lẹ́rìn-ín, obìnrin agbẹjọ́rò ni ó kọ́kọ́ ṣẹ, ọdún mẹ́tàdínlógún péré lẹ́yìn ìwé rẹ̀, èyí tí kò gba irin, tí kò gba mànàmáná, bí kò ṣe òfin nìkan. Síbẹ̀ nínú ìwé Robida, ọmọ olówó náà ni Hélène fẹ́ gbẹ̀yìn, gbogbo làálàá rẹ̀ sì parí sí ilé ọkọ.

Káàdì Ọdún 2000

Nígbà tí ìlú Paris ń múra Ìpàtẹ Àgbáyé ti ọdún 1900, ayàwòrán kan tí ó ń jẹ́ Jean-Marc Côté àti àwọn mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí ya ọ̀wọ́ àwòrán kéékèèké kan tí ó fi bí ayé yóò ti rí ní ọdún 2000 hàn. Láàárín 1899 sí 1910 ni a ṣe wọ́n, àwọn kan fún inú páálí sìgá, àwọn kan gẹ́gẹ́ bí káàdì tí a fi ń kí ènìyàn. Ní 1986, Isaac Asimov, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà tí a bí ní Rọ́ṣíà, kọ àlàyé sí wọn nínú ìwé kan, láti ìgbà náà ni òkìkí wọn sì ti kàn. A rí panápaná tí ó fi ìyẹ́ fò dé ojú fèrèsé ilé tí ń jó. A rí àwọn èrò tí ó wọ ọkọ̀ tí ẹja àbùùbùtán ń fà lábẹ́ omi. A rí àwọn tí ń ṣe eré ọ̀sán gbangba nísàlẹ̀ òkun bí ẹni wà ní pápá.

Méjì nínú wọn ni ó yẹ kí a dúró wò dáadáa. Ọ̀kan jẹ́ ti ilé ìwé. Olùkọ́ ń ki ìwé bọ inú ẹ̀rọ ìlọ̀ kan bí ẹni ń ki ata bọ ẹnu ọlọ, wáyà sì gbé ẹ̀kọ́ inú ìwé náà wọ orí àwọn ọmọ tí ó jókòó lẹ́sẹẹsẹ, tí olúkúlùkù dé ohun kan bí àkẹtẹ̀ irin. Gbogbo ènìyàn ni ó máa ń rẹ́rìn-ín sí olùkọ́ náà. Ṣùgbọ́n ọmọ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí kò dé àkẹtẹ̀: òun ni ó ń fi ọwọ́ yí ẹ̀rọ náà. Ayàwòrán rò pé ní ọdún 2000 ìmọ̀ yóò máa gba inú wáyà wọlé; kò ro ìgbà tí ọmọ tí ń yí ẹ̀rọ yóò kọ́ ẹ̀kọ́ tirẹ̀.

Èkejì jẹ́ ti inú ilé. Ẹ̀rọ mànàmáná kan ń fi búrọ́ọ̀ṣì fọ ilẹ̀ ilé olówó, ìránṣẹ́bìnrin kan sì dúró tì í, ó ń darí rẹ̀. A ti mú búrọ́ọ̀ṣì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n a kò mú òun kúrò nídìí iṣẹ́. Ní 1901, kí a tó tẹ púpọ̀ nínú àwọn káàdì náà, Hubert Cecil Booth ti gba ìwé àṣẹ ní London fún ẹ̀rọ tí ń fa eruku. Ẹ̀rọ náà tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ẹṣin ni ó ń fà á. Ojú pópó ni ó máa ń dúró sí, tí a ó sì na páìpù rẹ̀ gba ojú fèrèsé wọ inú ilé. Bí a bá fi èyí wé ti káàdì, òótọ́ ni ó pani lẹ́rìn-ín jù. Ní 1908 ni James Murray Spangler ará Amẹ́ríkà gba ìwé àṣẹ fún èyí tí ẹnìkan lè máa tì kiri nínú iyàrá.

Ṣé ẹ̀rọ wọ̀nyí ni ó dá ìránṣẹ́bìnrin sílẹ̀? Nígbà ìkànìyàn ti 1911, iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ ṣì ni iṣẹ́ tí ó gba obìnrin jù lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú pé àwọn ẹ̀rọ ti dé. Ogun tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní 1914 ni ó ṣí ilẹ̀kùn ilé iṣẹ́ ìbọn àti ti ọkọ̀ fún àwọn obìnrin, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì fẹ́ padà sí ilé ọlọ́lá mọ́ lẹ́yìn ogun. Nígbà tí ọmọ ọ̀dọ̀ di ọ̀wọ́n ni àwọn ìyálé ilé ṣẹ̀ṣẹ̀ wá fi tọkàntara ra ẹ̀rọ. Àwọn ayàwòrán rò pé ẹ̀rọ ni yóò yí iṣẹ́ padà. Ní púpọ̀ nínú àwọn ilé náà, ẹni tí ń ṣiṣẹ́ ni ó kọ́kọ́ jáde lọ, kí ẹ̀rọ tó wọlé rọ́pò rẹ̀.

Káàdì mìíràn tún wà láti àkókò yìí tí ẹ̀rín rẹ̀ ti di ìbànújẹ́. Nínú rẹ̀ àwọn ènìyàn jókòó yí ibi ìyáná ká, ṣùgbọ́n igi kọ́ ni ó wà níbẹ̀, èédú kọ́, bí kò ṣe ègé rédíọ̀mù kékeré kan. Ní 1898 ni Marie Curie àti ọkọ rẹ̀, Pierre, ṣe àwárí rédíọ̀mù, gbogbo ènìyàn sì ń sọ̀rọ̀ nípa ooru rẹ̀ tí kì í tán. Láti 1917, àwọn ọmọbìnrin ní New Jersey ní Amẹ́ríkà ń fi ọ̀dà rédíọ̀mù kun ojú aago kí ó lè máa tàn lókùnkùn. Ẹnu ni wọ́n fi ń mú imú búrọ́ọ̀ṣì náà ṣóńṣó. Nígbà tí ó fi di ọdún 1925, àwọn kan nínú wọn ti kú, egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ àwọn mìíràn sì ti jẹrà. Marie Curie pàápàá kú ní 1934 nínú àìsàn ẹ̀jẹ̀ tí a gbà pé ìtànṣán náà ni ó fà á. Ayàwòrán kò ṣe ibi. Ohun tí gbogbo ayé ń fọkàn fẹ́ ni ó yà. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọge tí ó san gbèsè ohun èlò náà kò sí nínú àwòrán rẹ̀.

Tẹlifóònù Inú Àpò

Lẹ́yìn tí Guglielmo Marconi ti fi iṣẹ́ ránṣẹ́ la òkun Àtìláńtíìkì kọjá láìlo wáyà ní 1901, àwọn ayàwòrán London tún rí ohun tuntun. Ní Oṣù Kejìlá ọdún 1906, Lewis Baumer ya àwòrán kan sínú Punch láti fi sọ àsọtẹ́lẹ̀ ọdún tí ń bọ̀. Obìnrin kan àti ọkùnrin kan jókòó lábẹ́ igi ní Hyde Park. Irin tí ń gba iṣẹ́ yọ jáde lórí fìlà wọn, ẹ̀rọ kékeré sì wà lórí itan olúkúlùkù. Wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀. Obìnrin ń gba ọ̀rọ̀ ìfẹ́ láti ibòmíràn, ọkùnrin sì ń gba èsì eré ìje ẹṣin. Ní ọjọ́ 5 Oṣù Kẹta ọdún 1919, W. K. Haselden ya ti tẹlifóònù inú àpò sínú ìwé ìròyìn Daily Mirror. Ó béèrè ìgbà tí yóò máa dún. Ó ní yóò dún nígbà tí ènìyàn bá ń sáré bá ọkọ̀ ojú irin, nígbà tí ẹrù bá kún ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, nígbà tí ó bá wà níbi orin, nígbà tí a bá gbé ọmọ ọwọ́ lé e lọ́wọ́, àti ní ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ gan-an.

Ọjọ́ 3 Oṣù Kẹrin ọdún 1973 ni Martin Cooper kọ́kọ́ fi irú tẹlifóònù bẹ́ẹ̀ pe ènìyàn ní New York. Ní 2001 ni ó di ti gbogbo gbòò ní Nàìjíríà. Láti ìgbà náà, kò sí ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí tàbí ibi ìsìnkú tí a kò ti gbọ́ agogo Haselden. Baumer àti Haselden kì í ṣe onímọ̀ ẹ̀rọ. Wọn kò sọ bí a ó ṣe ṣe é, wọn kò sì sọ iye tí a ó tà á. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni ènìyàn: pé bí a bá fún un ní ohun tí ó lè mú ẹni tí ó jìnnà súnmọ́ ọn, yóò kẹ́yìn sí ẹni tí ó wà nítòsí rẹ̀. Èyí ni ibi tí ojú ẹ̀fẹ̀ ti ríran jù lọ nínú gbogbo ìtàn yìí.

Okùn, Kẹ̀kẹ́ àti Ọ̀pá

William Heath Robinson, tí ó gbé ayé láti 1872 sí 1944, ni ayàwòrán tí orúkọ rẹ̀ di ọ̀rọ̀ nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀rọ rẹ̀ a máa kún fún kẹ̀kẹ́ àti okùn oníkókó, a ó sì rí àgbà ọkùnrin mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ojú wọn le koko, tí wọ́n ń fi gbogbo agbára ṣe ohun tí ọmọdé lè fi ìka kan ṣe. Ní 1943, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, a ṣe ẹ̀rọ kan ní Bletchley Park láti tú àdììtú iṣẹ́ tí àwọn ọ̀gágun Jámánì ń rán sí ara wọn. Téèpù bébà gígùn ń sáré yí orí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ká, ó sì jọ àwòrán Robinson tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Heath Robinson. Òun ni ó ṣáájú Colossus, tí ó wà nínú àwọn baba ńlá kọ̀ǹpútà. Àwọn ọmọbìnrin ẹgbẹ́ ọmọ ogun ojú omi ni ó ń ṣiṣẹ́ nídìí àwọn ẹ̀rọ náà tọ̀sán tòru. Nítorí ìbúra àṣírí, ó tó nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún kí ayé tó gbọ́ nípa Colossus àti ohun tí wọ́n ṣe níbẹ̀.

Ní ilẹ̀ Jàpáàn, Kenji Kawakami sọ ẹ̀fẹ̀ yìí di iṣẹ́ ọnà, ó sì pe ohun èlò tí ó ń hùmọ̀ ní chindōgu, èyíinì ni ohun èlò tí ó ṣàjèjì. Ó ṣe òfin fún un: ohun èlò náà gbọ́dọ̀ wà ní tòótọ́, kí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wúlò, ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ tà á, a kò sì gbọdọ̀ gba ìwé àṣẹ lé e lórí. Nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1995 ni ọ̀pá tí ènìyàn fi ń ya ara rẹ̀ ní fọ́tò wà, gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú ohun tí kò ní láárí. Kí ogun ọdún tó pé, a ti ń tà á lójú pópó ní gbogbo ìlú ńlá ayé. Ẹni tí ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín sí i kò ní jẹ́wọ́ mọ́.

Ohun tí a rí kọ́ nínú gbogbo èyí ni pé kò tó kí a bi àwòrán ọ̀la léèrè bí ohun inú rẹ̀ yóò ṣẹ. Ó yẹ kí a tún bi í léèrè ọwọ́ ẹni tí ó wà lára rẹ̀. Lónìí pẹ̀lú, a ń fi àwòrán ilé ọjọ́ iwájú hàn wá, níbi tí iná ti ń tàn fúnra rẹ̀ tí ẹrù sì ń dé ẹnu ọ̀nà kí a tó béèrè rẹ̀. A kì í ya ẹni tí ó gun alùpùpù gbé ẹrù náà wá nínú òjò. A kì í ya àwọn tí ń fi ọwọ́ wa ilẹ̀ ní Kóńgò láti rí lára kóbálítì tí ó wà nínú bátìrì wa. Bí ẹni tí yóò wá lẹ́yìn ọ̀la bá wo àwòrán tiwa, yóò rẹ́rìn-ín sí ẹ̀rọ wa, èyí kò sì ní ohun tí ó burú nínú. Ṣùgbọ́n bí ojú rẹ̀ bá mú, yóò wá ẹni tí ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, bí a ti ń wo ìránṣẹ́bìnrin inú káàdì ọdún 2000 lónìí. Ayàwòrán rẹ̀ fún un ní mànàmáná, ó fún un ní ẹ̀rọ, ó fún un ní ọgọ́rùn-ún ọdún; àga nìkan ni kò yà fún un.